Lavern Apínlẹ́tà àti Òkúta Tó Sọnù Lójú Ọ̀run

Kì í ṣe pé Lavern Stukel fẹ́ràn ìràwọ̀ láti kékeré. Ajá ló lé e débẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi pín lẹ́tà nílùú wa, Garrity, nínú aṣálẹ̀ Niu Mẹ́síkò, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ajá sì gé e jẹ. Lẹ́ẹ̀kọkànlá yẹn, ajá kan tí kò tóbi ju bàtà lọ ló gbá a ní gìgísẹ̀ mú tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Lavern wọ́ ọ kọjá iwájú ilé mẹ́ta, ó pín lẹ́tà ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ajá náà tó rántí pé òun ní ilé. Lọ́jọ́ yẹn ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nígbà tó ń fi ọ̀nà hàn mí, mo bi í pé kí ló fẹ́ máa fi ọjọ́ ogbó ṣe. Ó nawọ́ sókè.

"Ojú ọ̀run," ó ní. "Ibẹ̀ nìkan ni mi ò tíì gbọ́ pé ajá wà."

Mo sọ fún un pé ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ajá. Ó wò mí títí.

"Ṣé ó máa ń gé èèyàn jẹ?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, kò burú."

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Idabel, ni wọ́n jọ ń gbé. Idabel ti fi ogún ọdún se oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ ìlú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Nígbà tí Lavern gbé awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ dé, tó gbé e sínú tírélà tí wọ́n fi ń kó ẹṣin tẹ́lẹ̀, tó sì fi ayùn gé òrùlé tírélà náà kúrò, gbólóhùn kan ṣoṣo ni Idabel sọ: "Ó ṣáà ti kúrò nínú ilé." Òórùn ẹṣin ò kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Kámẹ́rà kan wà lẹ́nu awò náà tó ń ya ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ nígbà tí Lavern bá ń sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú ilé ìdáná pẹ̀lú ife kọfí, yóò máa wo àwòrán mẹ́rin tí kámẹ́rà yà níbì kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ìràwọ̀ kì í kúrò lójú kan. Ohun tó bá ti sún, òkúta ni, irú àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po bí ayé tiwa yìí ṣe ń yí i po. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń rí wọn, tó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ wọ́n sílẹ̀. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún un: ẹlòmíràn ti rí èyí ṣáájú rẹ. Idabel ní àbúrò òun dà bí ẹni tó ń kí gbogbo ìyàwó ilé kú ìgbéyàwó lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta.

Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1999. Mo mú lẹ́tà wọn dé, Lavern sì fà mí lápá wọ ilé ìdáná.

"Eloy, wo èyí."

Mo wò ó. "Eruku ni."

"Eruku kì í rìn."

"Tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Atẹ́gùn wo? Wò ó dáadáa! Ó wà níbí, ó wà níbí, ó wà níbí, ó wà níbí."

Idabel ò yíjú kúrò nídìí ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀. "Èmi náà ti wà níbí, mo ti wà níbẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò mi."

Lóòótọ́ ni kò sẹ́ni tó rí òkúta yẹn rí. Wọ́n fún un ní àmì ìgbà díẹ̀, ọdún tí wọ́n rí i pẹ̀lú lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà, bíi nọ́ńbà ọkọ̀. Ọ̀nà rẹ̀ gba àárín pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì àti Júpítà, níbi tí irú rẹ̀ pọ̀ sí bí eéṣú. Ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Ayé tiwa yára jù ú lọ, nítorí náà ní nǹkan bí oṣù mẹ́rìndínlógún síra ni a máa ń lé e bá tí a sì máa ń yà á sílẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni Lavern lè rí i dáadáa. Wọ́n sọ fún un pé tó bá ti tún rí i tó ìgbà mélòó kan, tí ọ̀nà rẹ̀ ò sì rú ẹnikẹ́ni lójú mọ́, wọn yóò fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ títí láé. Lẹ́yìn ìyẹn, Lavern lè sọ ọ́ lórúkọ.

Kí n tó pín lẹ́tà dé òpin àdúgbò, gbogbo ìlú ti gbọ́. Mi ò ní purọ́, èmi ni mo sọ fún wọn.

Ilé tó kẹ́yìn ni ti Mísísì Ottoline Fenske, opó tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó gbójú sókè wo òrùlé ilé rẹ̀, ó sì wọlé. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà àwọn Stukel. Akoto ló dé sórí, akoto pupa tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù nílé ẹ̀kọ́, irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń forí gbún ara wọn yẹn.

"Ọ̀gbẹ́ni Stukel, níbo ni nǹkan yín yẹn wà báyìí?"

"Ó wà lọ́nà tó jìn, Mísísì. Àádọ́jọ mílíọ̀nù máìlì."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Bí ẹni ń ti ibí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Mẹ́tọ́díìsì."

Obìnrin náà yíjú wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Máìlì méjì ni. "Ẹ ò wá rí i pé ó máa kan ilé mi!"

"Mísísì Fenske, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òkúta."

"Ẹyẹ kì í já luni lórí."

"Ẹyẹ ti yàgbẹ́ sí mi lórí rí," ni Lavern wí, nítorí kò mọ bí a ṣe ń jiyàn.

"Ẹ ti rí i báyìí," ni obìnrin náà wí, ó sì di okùn akoto rẹ̀ le sí i.

Lavern ya àwòrán sẹ́yìn àpò ìwé kan fún un: oòrùn láàárín, ayé níbí, òkúta lọ́hùn-ún. Ó fi hàn án pé bó bá pẹ́ títí, oòrùn yóò wà láàárín àwa àti òkúta náà, nígbà yẹn, yóò sì jìnnà sí wa ju ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù máìlì lọ. Mísísì Fenske gba àwòrán náà, ó ká a sínú àpò rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ Ajé tí kò wá béèrè. Tí Lavern bá ní òkúta ń jìnnà, yóò dẹ okùn akoto díẹ̀. Nígbà tí òkúta bọ́ sẹ́yìn oòrùn, ó ṣí akoto kúrò pátápátá, ó sì ṣe irun rẹ̀. Gbogbo ìlú wá ń wo orí Mísísì Fenske mọ ibi tí òkúta wà. Àgbẹ̀ kan bi mí lójú títì pé ṣé akoto ti padà, kóun lè mọ̀ bóyá kóun gbin ata.

Nínú oṣù kejì ọdún 2001, àsìkò tó yẹ kí òkúta náà tún hàn dé. Ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ojú ọ̀run là, Lavern kọjú awò rẹ̀ sí ibi tí ìṣirò sọ pé òkúta náà máa wà. Kò sí níbẹ̀. Ó wò ó lọ́jọ́ kejì, ó wò ó lọ́jọ́ kẹta. Ìràwọ̀ ló kún ibẹ̀, kò sí ohun tó mira.

Ọjọ́ Ajé dé. Mísísì Fenske kan ilẹ̀kùn. Lavern ò mọ irọ́ pa.

"Mi ò rí i, Mísísì."

"Báwo ni ẹ ò ṣe rí i?"

"Ó yẹ kó wà níbì kan, kò sí níbẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ nù?" Ohùn rẹ̀ ròkè bíi ti dùùrù tí ọmọ jókòó lé. "Nǹkan tó tóbi láti ibí dé ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ẹ sọ ọ́ nù?"

Kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni Anselmo Tafoya, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kò lè sọ fún àgbàlagbà pé rárá. Ó ní fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tó bá ọ̀rọ̀ náà mu, ìyẹn ni ti ẹni tó sọnù. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó dé ilé ìdáná àwọn Stukel pẹ̀lú fọ́ọ̀mù náà. Èmi ń jẹ tọ́tíyà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àgbàdo, lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Ìbéèrè díẹ̀ ni. Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?"

"Oṣù kejìlá, ọdún 1999," ni Lavern dáhùn.

Anselmo kọ ọ́ sílẹ̀, ó mi orí. "Ó ti pẹ́ kí ẹ tó sọ fún wa. Kí ló wọ̀ nígbà náà?"

"Kò wọ nǹkan kan."

Anselmo dẹ́kun kíkọ. "Nínú òtútù yẹn?"

"Òkúta ni, Anselmo."

"Mo mọ̀, sà. Fọ́ọ̀mù ló béèrè. Ṣé ó bá ẹnikẹ́ni jà kó tó lọ?"

Idabel gbé ọbẹ̀ ata tútù sílẹ̀ níwájú ọmọkùnrin náà. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ń fojú sí i lára jù."

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ó kọ ọjọ́ orí rẹ̀ náà: bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ọdún. Ó ní pẹ̀lú irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé ọ̀nà ilé. Lavern gbá orí mú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ti ń pa bébà rẹ̀ mọ́, ó béèrè ohun tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù: "Ẹ ti wo àdúgbò? Ẹni tó bá sọnù, ìtòsí ilé la sábà ń rí i."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Lavern jáde lọ sínú tírélà. Ó gbé awò náà sún díẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ó tún sún un díẹ̀. Ní Ọjọ́rú, nídìí kọfí, mo bá a tó ń sunkún. Òkúta rẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ń rìn jẹ́jẹ́, kò ju ìbú ìka kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wá a. Ìṣirò ọjọ́sí ló ṣì díẹ̀. Ó tẹ Anselmo láago.

"A ti rí i."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le."

"Màá kọ ọ́ pé ó padà wá fúnra rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni òkúta náà lọ tó sì tún hàn. Nígbà tí ọdún 2003 ń parí lọ, mo mú lẹ́tà dé: wọ́n ti fún un ní nọ́ńbà. Ó wá ku orúkọ. Ìyọnu dé.

Ẹni tó ń ta oúnjẹ màlúù ní kí wọ́n fi orúkọ ìsọ̀ òun sọ ọ́. Ọkùnrin kan mú ìbaaka rẹ̀ wá kí Lavern lè wo ojú rẹ̀ dáadáa. Lavern tẹ òfin ìgbìmọ̀ tó ń rí sí orúkọ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: orúkọ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́rìndínlógún lọ, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọjà títà, wọn ò fẹ́ orúkọ ẹran ọ̀sìn, olóṣèlú gbọ́dọ̀ ti kú fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Òfin tó kẹ́yìn yìí ló gbé Royce Hatchett, alága ìlú wa, wá sílé ìdáná. Gbogbo ohun tó wà nílùú tó lè jẹ́ Hatchett ló ti ń jẹ́ ẹ: ìjókòó iwájú pósọ́fíìsì, ẹ̀rọ omi, kòtò ìdàlẹ̀nù. Ọ̀run ló kù.

"Ọgọ́rùn-ún ọdún!" ó ní. "Lavern, ṣé wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ìsinsìnyí?"

Idabel ló dá a lóhùn. "Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú ná, Alága."

Ọkùnrin náà ronú. "Ọ̀sẹ̀ yìí ò rọrùn fún mi." Ó tún òfin náà kà, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lójijì, ojú rẹ̀ tàn. "Olóṣèlú ni wọ́n kọ. Ta ló pè mí lólóṣèlú? Ọdún mẹ́jọ tí mo fi ṣe alága, kí ni mo ṣe? Ẹ sọ fún mi! Kí ni mo ṣe?"

Gbogbo wa dákẹ́.

"Ẹ dáhùn!"

"A ń rò ó ni," ni Idabel wí.

"Ẹ ò rí nǹkan kan! Kò sí! Ẹlẹ́rìí ni mo nílò."

Ó lọ tẹ ìwé kan: "Àwa ọmọ ìlú Garrity jẹ́rìí pé Royce Hatchett ò ṣe nǹkan kan tó jọ iṣẹ́ ìṣèlú láti ọjọ́ tó ti gorí àga." Ó ní kí n máa gbé e kiri pẹ̀lú lẹ́tà. Mo ti gbé oríṣiríṣi ìwé kiri láyé mi, mi ò tíì rí èyí tí inú àwọn èèyàn dùn láti fọwọ́ sí tó báyẹn. Àwọn tí kì í ṣílẹ̀kùn fún mi ṣílẹ̀kùn. Arúgbó kan tí kò ríran mọ́ ní kí n di òun lọ́wọ́ mú kí ọwọ́ òun lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Àwọn mìíràn fi kún un: "títí kan ojú títì iwájú ilé mi", "pàápàá ọ̀rọ̀ omi". Irínwó èèyàn ó lé méjìlá ló fọwọ́ sí i, nínú ìlú tí kò ní ju ẹgbẹ̀ta lọ. Alága gbá mi mọ́ra. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìlú fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.

Ìbò wà nínú oṣù kẹta. Consuelo Madril, obìnrin tó ní ilé ìfọṣọ, ló ń bá a du àga. Consuelo ò ṣe ìpolongo kankan. Ẹ̀dà ìwé náà ló lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ìfọṣọ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn èèyàn fi ń kà á nígbà tí aṣọ wọn ń yí. Ìbò mọ́kàndínlógójì ni Hatchett ní. Ó dé ilé Lavern lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣì ní ìrètí.

"Ní báyìí, èmi kì í ṣe olóṣèlú mọ́."

Lavern fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹni tó bá ti ṣe é rí, òfin náà mú un. Ọkùnrin náà jókòó tì wá títí kọfí fi tutù. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí èmi náà fọwọ́ sí ìwé yẹn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lavern mú fọ́ọ̀mù orúkọ náà. Ó gbé e síwájú fún ọjọ́ mélòó kan láìkọ nǹkan. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé: "Eloy, nínú gbogbo ìlú yìí, ta ló bi mí léèrè ibi tó wà?"

"Ibi tí kí ni wà?"

"O ò rí i? Gbogbo yín, orúkọ lẹ ń béèrè."

Idabel wò ó láti ìdí ìkòkò. "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí."

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ó ń pupa bí ata!"

Ìgbìmọ̀ náà ò tètè fèsì. Ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2005, Ọjọ́bọ̀ kan, kí n tó gbé ìwé wọn dé. Orúkọ náà wà níbẹ̀: Fenske. Wọ́n tẹ àlàyé kúkúrú tí Lavern kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Ottoline Fenske ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù ní Garrity, ó sì ti ń tọpa òkúta yìí láìyẹsẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i.

Lavern wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, èmi àtòun sì gbé ìwé náà lọ. Mísísì Fenske kà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún un kà. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń bọ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fi orúkọ ọkọ mi ṣe èyí?" ó pariwo. "Gunther Fenske ò fọwọ́ kan eṣinṣin títí tó fi kú! Tí òkúta yẹn bá já lu ẹnì kan, kí ni wọ́n máa kọ sínú ìwé ìròyìn? Wọ́n á ní Fenske ló pa á! Ẹ yọ ọ́!"

"Kò ṣeé yọ, Mísísì."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí láé. Tí gbogbo wa bá kú tán, Fenske ni yóò máa jẹ́."

Obìnrin náà jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ó tẹ́ ìwé náà sórí itan rẹ̀. "Láé," ó ní. "Gunther ò pẹ́ nínú iṣẹ́ kankan rí ju ọdún méjì lọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Níbo ló wà báyìí?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bébà kan tí Mísísì Fenske kọ ti wà lára pátákó ṣọ́ọ̀ṣì: "Fenske ń lọ lọ́nà rẹ̀. Kò sí ewu. Ẹ má yọ mí lẹ́nu." Ó ti gba òkúta náà bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ tó yàyàkuyà, tó sì ń bá a tọrọ àforíjì ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní kí Lavern jẹ́ kóun rí i. Lavern fi í jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi àwòrán mẹ́rin hàn án. Obìnrin náà sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Ó mà kéré o."

"Ó jìnnà ni."

"Kò yára rárá. Bí Gunther ṣe ń rìn nìyẹn, bí ẹni pé wọ́n á dúró dè é." Ó wò ó títí Idabel fi gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó bá wọn jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ó tún bá wọn jẹun.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní ìgbà ìrúwé ọdún 2006. Pásítọ̀ béèrè bóyá ìyàwó yóò máa jẹ́ Stukel. Ottoline ní rárá, nítorí Fenske kan wà lókè tó jẹ́ pé òun ló ń gbẹnu sọ fún un, bí òun bá sì yí orúkọ padà, yóò dà bí ìgbà tí ìyá sá fi ọmọ sílẹ̀. Pásítọ̀ wo Lavern. Lavern ní òun ò rí àléébù níbẹ̀.

Idabel kó lọ sílé Ottoline, ó fi ilé ìdáná sílẹ̀ fún wọn. Ó bá dùùrù níbẹ̀, ó sì ń kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Mo máa ń sáré tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Lavern ti rí òkúta méjì mìíràn láti ìgbà náà. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jẹ́ kóun sọ ọ̀kan ní Idabel.

"Kí ni òkúta fẹ́ fi orúkọ mi ṣe?" ni Idabel bi í.

Lavern padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ni òkúta náà ṣì ń jẹ́.